Àyè Ọmọ Odó Kejì

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé mi àti ilé Salimatou ní Bantè. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, kò nípọn, kò sì sí ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ tí etí mi kò gbọ́. Aránṣọ ni mí. Ẹsẹ̀ mi ń tẹ máṣíìnì, ọwọ́ mi ń darí aṣọ, etí mi kò ní iṣẹ́ kankan. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ Salimatou ju èmi Làtífátù lọ, ẹ bi í pé níbo ló ti gbọ́ odó rẹ̀. Inoussa ọkọ rẹ̀ gan-an kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run nìkan ló sì mọ ohun tí Inoussa mọ̀ láyé yìí yàtọ̀ sí ẹ̀sáǹsì.

Ẹ̀sáǹsì, epo ọkọ̀, ni Inoussa ń tà. Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀ ti wá, ibẹ̀ náà ni ọjà rẹ̀ ti ń wá, ó sì máa ń to ìgò rẹ̀ sórí tábìlì lẹ́bàá títì tó lọ sí Savalou. Ní 1972, ọdún tí àwọn ológun gba ìjọba, ló gbé Salimatou níyàwó. Obìnrin náà ga, ó sanra, ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé ilé kẹta. Ó sì ń jowú. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Irọ́ ni o. Ẹran wà láyà Salimatou dáadáa, ó tún ń jowú. Bí mo bá rán búbá obìnrin mìíràn kí n tó rán tirẹ̀, á fajú ro títí oṣù á fi parí. Bí ajá ilé rẹ̀ bá tẹ̀lé ọmọ ilé kejì lọ sódò, á na ajá náà nígbà tó bá dé.

Ohun mìíràn tí ẹ ní láti mọ̀ ni pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Ìyá rẹ̀ nà án títí ó fi ń fi ọ̀tún jẹun, tó ń fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n bó bá di ìdí odó, òsì náà ló máa ń jáde. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló máa ń wà lókè ọmọ odó, ara rẹ̀ á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí ara àwọn yòókù kì í tẹ̀ sí, ọmọ odó rẹ̀ á sì gba ibi tí ẹnìkan kò retí wọlé.

Ní àdúgbò wa, obìnrin kì í dá gún iyán èrò. Bí ìsọmọlórúkọ bá wà, tàbí bí iṣu tuntun bá jáde, obìnrin méjì tàbí mẹ́ta ní í dúró yí odó kan ká. Bí èyí bá ṣe ń gbé tirẹ̀ sókè ni tìyẹn ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí kò ṣe é rí á rò pé ojú ni wọ́n fi ń ṣe é. Kì í ṣe ojú. Bí o bá dúró kí o rí ọmọ odó ẹnì kejì kí o tó gbé tìrẹ, o ti pẹ́. O ní láti mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ kí ọwọ́ náà tó lọ síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ ń gún tìrẹ, inú rẹ ń bá a gún tirẹ̀. Gbogbo obìnrin ló lè ṣe é pẹ̀lú gbogbo obìnrin, àfi pẹ̀lú Salimatou. Bí wọ́n bá bá a dúró, ọmọ odó á gbá ọmọ odó, iyán á ta sílẹ̀, ẹnìkan á sì ké pé, “Yéè, ìka mi!”

“Ìyàwó Inoussa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá wa lọ ẹ̀pà.” Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún un nìyẹn ní gbogbo òde. Á sì lọ jókòó ti ọlọ, òun nìkan, á kẹ̀yìn sí wọn, á máa gbọ́ bí odó ṣe ń dún. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, “Làtífátù, wọ́n ti sọ mí di ìyá ẹ̀pà.” Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ọdún tí wọ́n yí orúkọ orílẹ̀-èdè wa padà sí Bénin ni Inoussa náà yí ilé rẹ̀ padà. Ó lọ fẹ́ ọmọdébìnrin kan wá láti Akpassi, Rafiatou lorúkọ rẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ó gbé ọmọ odó rẹ̀ lé èjìká wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó gbogbo ti ń ṣe lọ́dọ̀ wa. Bàbá ìyàwó ló máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ, igi àyìn ló sì máa ń lò, nítorí pé àyìn le, kì í tètè jẹ. Ìyàwó á gbé e ti ara ògiri ilé ìdáná ọkọ. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ odó yẹn bá wà níbẹ̀, obìnrin náà ní ilé níbẹ̀. Obìnrin tó bá fẹ́ kọ ọkọ, kì í ṣe aṣọ ló kọ́kọ́ máa ń kó, ọmọ odó ni.

Wọ́n ní, òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin, kò dénú. Ti Salimatou kò dé ètè rẹ̀ rárá. Ó sunkún, ó bú Inoussa, ó bú àwọn tó bí Inoussa, ó bú màlúù tí wọ́n pa níbi ìgbéyàwó náà. Rafiatou á kí i ní òwúrọ̀, Salimatou á máa wo òrùlé bí ẹni pé eku ló kí i. Ó gbé ọmọ odó tirẹ̀ kúrò lára ògiri kan náà, ó lọ gbé e ti ara ògiri tèmi. Mo gbọ́ bó ṣe jù ú mọ́ ọn.

Nígbà tó yá, àwọn ará Inoussa ti Nàìjíríà wá fún ìsọmọlórúkọ kan. Èrò pọ̀, ebi ń pa wọ́n, ọwọ́ àwọn obìnrin àdúgbò sì ti kún. Salimatou nìkan ló wà nídìí odó, ó ń gún un tìbínú-tìbínú, òógùn bò ó. Rafiatou kò bi í léèrè. Ó mú ọmọ odó tirẹ̀, ó dúró kọjú sí i, ó sì gbé e sókè. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Mo ń dúró kí igi gbá igi, kí ẹnìkan ké. N kò gbọ́ nǹkan kan àfi gbì, gbì, gbì, bí ẹni pé ènìyàn kan tó ní ọwọ́ mẹ́rin ló ń gún un. Mo dìde, mo gun odó fífọ́ ẹ̀yìnkùlé mi, mo yọjú. Rafiatou kò wo ọmọ odó Salimatou rárá. Èjìká rẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí iyán délẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìyálé bá ìyàwó sọ láti ìgbà tó ti wọlé nìyí:

“Ta lo ti ń bá gúnyán tẹ́lẹ̀?”

“Ìyá mi ni, Ìyálé mi.”

“Ìyá rẹ dà?”

“Ó ti kú.”

“Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere,” ni Salimatou wí. Mo rí ojú rẹ̀ láti orí ògiri. Ara ti tù ú. Òkú kì í wá gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn méjèèjì ti ń ta iyán lẹ́bàá títì. Ọbẹ̀ ẹ̀pà ni, pẹ̀lú wàgàsì, wàrà àwọn Fúlàní, tí wọ́n dín, iṣu làbókò sì ni wọ́n ń lò tí wọ́n bá rí i. Àwọn awakọ̀ kàmíyọ̀n akẹ́rù tó ń gòkè láti Savalou bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ẹ má rò pé wọ́n ti di ọ̀rẹ́ o. Ìdí odó ni wọ́n ti máa ń jà jù.

“Ta ló ní kí o fọ agbádá Inoussa?” Gbì.

“Ó ti dọ̀tí, Ìyálé mi.” Gbì.

“Ojú mi ni kò rí i?” Gbì.

“Ẹ rí i. Ẹ kàn fi sílẹ̀ ni.” Gbì.

“Ẹnu ẹ gbó!” Gbì.

Ọmọ odó kò kọlu ara wọn lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á bú ara wọn láti ìgbà tí iṣu bá wọ odó títí iyán á fi fà, ọwọ́ wọn kò ní dá sí ìjà náà. Èmi náà á jókòó sẹ́yìn ògiri, inú mi kì í sì í dùn tán. Ọkọ mi ti kú, ọmọ mi obìnrin ti lọ sílé ọkọ, iyán ọwọ́ kan ni mò ń dá gún tí mò ń dá jẹ. Mo jowú wọn. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́?

Nígbà tó di 1984, wọ́n ti bọ́dà Nàìjíríà pa. Ẹ̀sáǹsì kò wá mọ́. Inoussa ń jókòó ti ìgò òfìfo láti àárọ̀ dalẹ́, ó ń nu eruku ara wọn. Odó àwọn ìyàwó rẹ̀ ló wá ń bọ́ ilé náà, ọmọ àti àgbà. Àárín ọdún yẹn náà ni Honorine dé.

Ìyàwó olùkọ́ ni Honorine. Ìjọba ló gbé Grégoire ọkọ rẹ̀ wá sí Bantè. Ọmọ Savalou ni obìnrin náà, ó ń sọ Màhì, ó ń sọ èdè wa, ó ń fi Faransé bú ọmọ rẹ̀. Ó wá jẹ iyán nígbà kan, ó padà wá, lẹ́yìn náà kò nílò láti jẹ iyán mọ́ kó tó wá. Ẹgbẹ́ Rafiatou ni. Àwọn méjèèjì á jókòó sórí àpótí, wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí, Rafiatou tí a kò mọ ohùn rẹ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín. Salimatou á ti inú ilé pè é pé kó wá gbé omi. Omi ti wà nílẹ̀.

Wọ́n ṣe ìrìbọmi ọmọ Honorine ní ṣọ́ọ̀ṣì. Rafiatou ti lọ láti àárọ̀ láti bá a se oúnjẹ. Èmi àti Salimatou ń lọ lọ́sàn-án, ó ru igbá ẹ̀pà lílọ̀. A kò tíì dé ojúde nígbà tí a gbọ́ odó. Salimatou dúró.

“Ta nìyẹn?”

Ó mọ ẹni tó jẹ́. Èmi náà mọ̀. “Rafiatou àti Honorine ni,” ni mo wí. Lẹ́yìn náà ni ẹnu mi, tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, tún sọ pé, “Ó mà bára mu o.”

Ó gbé igbá ẹ̀pà lé mi lọ́wọ́, ó yí padà, ó sì lọ sílé.

Nígbà tí mo ti òde náà dé, ó wà lórí ẹní, kò tíì jẹun. Ó ní, “Làtífátù, Inoussa fẹ́ ẹ, mo gbà. Ọkùnrin ni, ojú ọkùnrin kì í gbé ibì kan. Ṣùgbọ́n Honorine! Gbogbo obìnrin Bantè ló lè bá Honorine gúnyán. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni, gbogbo ayé ni tirẹ̀. Kí ló ń wá lọ́dọ̀ ẹni kan ṣoṣo tí èmi ní?” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo mọ̀ pé nígbà tí Inoussa gbé ìyàwó, ẹkún ìbínú ni Salimatou sun. Èyí kì í ṣe ẹkún ìbínú.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọwọ́ Rafiatou. Honorine máa ń gbé ọmọ odó rẹ̀ ga kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹni tó bá ń bá a gún ún ní láti dúró díẹ̀ dè é. Ìdúró díẹ̀ yẹn wá wọ ọwọ́ Rafiatou. Ní òwúrọ̀ kan mo gbọ́ igi tó gbá igi lẹ́yìn ògiri mi, fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Ọwọ́ rẹ ń dúró de ẹlòmíràn!”

“Ó rẹ̀ mí ni, Ìyálé mi.”

“Irọ́! Èmi ni mo wà níwájú rẹ, Honorine ni ọwọ́ rẹ ń bá gún un. O kò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀ mọ́.”

Rafiatou fi ọmọ odó gúnlẹ̀. “Ọkọ kan náà la jọ ní, ẹ ò bá mi jà báyìí rí. Ṣé ẹ ti ra ọwọ́ mi ni?”

Ó sì tún lọ. Ó lọ bá Honorine gún àgbàdo, ó padà dé ní ìrọ̀lẹ́. Kó tó dé, èmi ti rí èéfín. Mo yọjú lórí ògiri, mo rí Salimatou níwájú ìkòkò iṣu, mo sì rí ohun tó fi dáná. Igi kún ẹ̀yìnkùlé wọn, ọmọ odó Rafiatou ló kì bọ abẹ́ ìkòkò.

“Ẹ̀gbọ́n! Kí lẹ ń ṣe yìí?”

“Mò ń se iṣu.”

Igi àyìn kì í tètè jóná. Nígbà tí Rafiatou wọlé, orí ọmọ odó náà ṣì yọ síta láàárín ààrò, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti mú kó máa dán. Ó wò ó. Ó wọlé lọ di ẹrù rẹ̀. Inoussa ń sáré tẹ̀lé e, ó ń sáré padà sọ́dọ̀ Salimatou, ó ń kígbe pé, “Nítorí igi? Nítorí igi lẹ ṣe fẹ́ tú ilé mi?” Ilé Honorine ni Rafiatou sùn. Nígbà tí ilé ìwé parí, tí wọ́n gbé olùkọ́ padà sí Savalou, ó bá wọn lọ. Inoussa lọ bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Rafiatou bi í pé, “Ọmọ odó mi dà?” Inoussa padà wálé wá nu ìgò rẹ̀.

Salimatou ní kò sí ohun tó ṣe òun. Ó gba ọmọbìnrin kan tí yóò máa bá a gún un. Ọmọ náà fi ìka rẹ̀ há, ó sì lọ. Ó gba òmíràn láti Lougba, ìyẹn kò dúró rárá. Ó wá ń dá a gún. Ẹ gbọ́ ohun tí èmi gbọ́ lẹ́yìn ògiri: gbì, ìdákẹ́, gbì, ìdákẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Nígbà tí mo fetí sí i dáadáa, ìdákẹ́ náà kò gùn jù, kò kúrú jù, ìwọ̀n ọmọ odó kan ló jẹ́. Obìnrin tó dá wà nídìí odó máa ń gún un léraléra kí iṣu má baà tutù. Salimatou ń dúró kí ẹnì kejì gún tirẹ̀. Iṣu ń tutù, iyán ń ní kókó, àwọn awakọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé, “Màmá, kí ló dé?” Àwọn mìíràn kàn ń kọjá lọ jẹun níwájú. Bẹ́ẹ̀, iyán yìí náà ni gbogbo ilé ń jẹ.

Mo sọ fún un. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń fi àyè sílẹ̀.”

“Àyè ta ni?”

“Ti Rafiatou.”

“Aránṣọ, ran aṣọ rẹ!”

Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì tó ń gún un kíkankíkan láti fi hàn mí pé irọ́ ni mo pa. Kò pẹ́ tó fi gbàgbé èmi, àyè náà sì padà sí ipò rẹ̀. Ní ọ̀sán kan, odó kò dún rárá. Mo gba ẹnu ọ̀nà wọlé, mo bá a lórí àpótí, ọmọ odó lórí itan, iṣu ti tutù nínú odó.

“N kò lè ṣe é mọ́,” ló wí. “Bí mo bá gbé tèmi sókè, mò ń gbọ́ tirẹ̀ tó ń bọ̀. Bí kò bá dé, ọwọ́ mi kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé igi ni mo sun, Làtífátù.”

Ó dìde, ó wẹ ojú rẹ̀, ó ní kí n sin òun lọ sí Akpassi. Mo bi í pé kí la fẹ́ ṣe níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ lọ rí bàbá Rafiatou. Ẹ wò ó, ìyálé, ẹni tí kì í bẹ ọkọ rẹ̀, ló fẹ́ lọ bẹ bàbá orogún. A gun alùpùpù lọ, àwa méjèèjì lẹ́yìn ọkùnrin kan, èmi ló sì há láàárín.

Àgbàlagbà ni Seidou bàbá Rafiatou, abẹ́ igi kajú ló jókòó sí. Salimatou kúnlẹ̀ sínú eruku.

“Bàbá, ọmọ odó tí ẹ gbẹ́ fún Rafiatou, èmi ni mo dáná sun ún.”

Ojú bàbá náà yí padà. Ó mọ ohun tí ìyẹn ń wí fún ọmọ rẹ̀. “Kí ló fà á?”

“Owú ni, Bàbá.”

“Owú ọkọ?”

“Rárá, Bàbá. Owú odó.”

Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní, “Dìde. Ṣe bí ẹni ń gúnyán kí n rí ọ.” Salimatou dìde, ó gbé ọwọ́ òfìfo sókè, òsì lókè, ọ̀tún nísàlẹ̀. Ẹ̀rín bàbá náà dá.

“Báyìí ni ìyá Rafiatou náà ṣe ń mú un. Òsì. Kò sí ẹni tó lè bá a gún un àfi ọmọ yẹn. Láti kékeré ló ti ń dúró kọjú sí òsì.”

Ó gbẹ́ ọmọ odó mìíràn. Salimatou ló lọ gé igi náà fúnra rẹ̀, nítorí pé Seidou ní ẹni tó sun ún ló máa gé e. Nígbà tí a lọ gbà á, tí a ń padà bọ̀, Salimatou gbá a mọ́ra títí a fi sún mọ́ ilé.

“Kì í ṣe èmi ni Rafiatou rí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bá mi gúnyán,” ló wí. “Àyè ìyá rẹ̀ ló fi mí sí. Làtífátù, mo tún wá ń jowú òkú.”

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó gbá mi ní èjìká. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, “Ó dáa. Bí òkú náà bá fẹ́ ẹ padà, kó wá gbà á lọ́wọ́ mi.”

Oṣù Ògún ni a lọ sí Savalou, nígbà ọdún iṣu tuntun wọn. Ó fi aṣọ we ọmọ odó náà bí ọmọ, ó gbé e lé itan nínú ọkọ̀, kò gbà kí awakọ̀ so ó mọ́ orí ọkọ̀. Ìlú náà kún. Láti gbogbo agboolé ni odó ti ń dún, a ń bi èrò léèrè títí a fi dé ẹ̀yìn ọgbà ilé Honorine. Mo fẹ́ ké àgò. Salimatou dì mí lápá mú.

“Dúró. Jẹ́ kí n gbọ́ wọn ná.”

A dúró. Mo mọ ohun tó wá gbọ́. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti parí fún òun. Bí odó yẹn bá dún bí ó ṣe dún lọ́jọ́ ìrìbọmi, yóò gbé ọmọ odó náà síwájú ẹnu ọ̀nà, a ó sì padà sí Bantè.

Gbì, gbì, ìdákẹ́. Gbì, gbì, ìdákẹ́.

Ẹni méjì ló wà nídìí odó. Ẹni mẹ́ta ni odó náà ń dún fún. Mo wo Salimatou, ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu.

Honorine ló kọ́kọ́ rí wa. Ó sọ ọmọ odó rẹ̀ sílẹ̀, ó wá bá wa lẹ́nu ọgbà, òógùn lójú rẹ̀. Kò kí wa.

“Ẹ ti dé,” ló wí fún Salimatou. “Ó yẹ kí ẹ ti dé tipẹ́. Láti ìgbà tí a ti kúrò ní Bantè ló ti ń fi àyè sílẹ̀ láàárín wa. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo gún un yára láti fi dí i. Kò gbà. Ilé mi ló ń gbé, oúnjẹ mi ló ń jẹ, ẹ̀yin ló ń bá gúnyán.”

Mo mọ ojú tó fi ń wo Salimatou, nítorí pé mo ti rí i láti orí ògiri mi fún ọdún pípẹ́. Salimatou náà mọ̀ ọ́n. N kò ní parọ́ fún yín pé inú rẹ̀ kò dùn; inú rẹ̀ dùn débi pé etí rẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ Honorine mú.

“Má bínú, Honorine. Mo mọ bó ṣe ń rí. Kì í jẹ́ kéèyàn jẹun.”

Rafiatou dúró nídìí odó, kò sún síwájú. Salimatou tú aṣọ, ó na ọmọ odó sí i.

“Ta ló gbẹ́ ẹ?”

“Bàbá rẹ.”

“Ẹ lọ sí Akpassi?”

“Mo kúnlẹ̀. Bi Làtífátù.”

“Ó kúnlẹ̀,” ni mo wí. “Aṣọ tí mo rán fún un ti ya lórúnkún.”

Rafiatou gbà á, ó gbé e wò, ó yí i po lọ́wọ́. Mo ń retí kó sunkún, tàbí kó sọ pé òun ti dárí jì í. Ó bojú wo inú odó.

“Iṣu ń tutù,” ló wí.

Salimatou mú ọmọ odó Honorine nílẹ̀, ó dúró sí òsì. Àyè náà dí.

Rafiatou padà sílé. Ìjà wọn náà padà, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́, kò sì sí ìjà kan lẹ́yìn ìyẹn tí Rafiatou kò ti ní sọ pé, “Ẹ̀yin tí ẹ fi ilé mi se iṣu.” Gbì. Salimatou á ní, “Ìwọ tí o gbé Honorine wọ inú odó mi.” Gbì. Àwọn awakọ̀ padà wá. Bí Honorine bá wá kí wọn láti Savalou, Salimatou á fún un ní wàgàsì tó tóbi jù, á sì wá iṣẹ́ fún un ní ibi tó jìnnà sí odó.

Àìsàn kan tó mú Salimatou nígbà òjò 1989 kò fi í sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n pè é ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí mo lọ wò ó kẹ́yìn kó tó kú, ó bi mí bóyá Rafiatou ti gba ẹnìkan tí yóò máa bá a gúnyán. Mo ní kò tíì gbà. Ó ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ó sì yíjú sí ògiri.

Nígbà tí ọdún yí padà, tí rédíò ń sọ̀rọ̀ nípa ìpàdé ńlá tí wọ́n ń ṣe ní Kùtọnu ṣáá, Rafiatou tún odó gbé síta. Mo wà lórí máṣíìnì. Gbì, ìdákẹ́. Gbì, ìdákẹ́. Mo rán apá aṣọ kan mọ́ ara aṣọ mìíràn, mo tú u, mo tún un rán, kò tún bọ́ sí i. Mo dìde. Ọmọ odó tí bàbá mi gbẹ́ fún mi wà lára ògiri ilé ìdáná mi, jáǹkáriwọ̀ ti ta sí i. Mo nù ún, mo gbé e, mo gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Kò sí ẹni tó pè mí. Kò sí ẹni tó pè mí rí.

Rafiatou rí mi. Ó sún díẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n Làtífátù, apá ọ̀tún ni kí ẹ dúró sí.”

“Ṣé ìyálé rẹ kò ní bínú?”

“Á bínú,” ló wí.

Mo dúró sí ọ̀tún. Ọ̀sán náà gùn, ọwọ́ mi kò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn náà ló mọ̀ ọ́n: tirẹ̀, tèmi, ìdákẹ́. Tirẹ̀, tèmi, ìdákẹ́. Èmi tí mo ti gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo wà nídìí odó níkẹyìn, mo sì ń jowú àyè òfìfo. A kò dí i. Kókó pọ̀ nínú iyán wa, àwọn awakọ̀ sì ń ráhùn. Kí wọ́n máa ráhùn.